Láptọ́ọ̀pù Tòkunbọ̀, Géèmù àti Ọmọ Ọyẹ́: Windows Ni àbí Linux?

Ní Ọyẹ́ àti Ìkọ̀lé, bí ọ̀dọ́mọkùnrin kan bá ní òun ń lọ gbá géèmù, kò sẹ́ni tí yóò bi í pé géèmù wo. Bọ́ọ̀lù ni. Nínú àwọn ṣọ́ọ̀bù géèmù tó yí yunifásítì ká, tẹlifíṣọ̀n á wà lára ògiri, PlayStation á wà nísàlẹ̀ rẹ̀, róbà orí páàdì á ti họ, àwọn tó ń dúró kó kàn wọ́n á sì fún ara wọn pọ̀ lórí bẹ́ǹṣì. Ẹni tó bá fìdí rẹmi ló ń sanwó. Ṣùgbọ́n láti ọdún 2011 tí ìjọba àpapọ̀ ti dá yunifásítì náà, FUOYE, sílẹ̀, tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ àti ti iṣẹ́ àgbẹ̀ sì fi Ìkọ̀lé ṣe ibùjókòó, ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọmọ wọ̀nyí ló tún ní láptọ́ọ̀pù tiwọn nínú yàrá. Tòkunbọ̀ ló pọ̀ jù níbẹ̀: HP EliteBook, Dell Latitude, Lenovo ThinkPad tí òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́ kan lókè òkun ti lò tẹ́lẹ̀ kó tó dé Computer Village ní Ìkẹjà, kó tó wá gba Adó gòkè wá sọ́dọ̀ wa. Orí irú láptọ́ọ̀pù yìí ni mo fẹ́ gbé Windows àti Linux lé, kí n wọ̀n wọ́n wò. Kọ̀ǹpútà olówó ńlá tí àwọn aláríyànjiyàn géèmù ní Amẹ́ríkà máa ń ní lọ́kàn kò sí nínú ọ̀rọ̀ mi.

Ọ̀rọ̀ náà ti di kánjúkánjú, nítorí ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹwàá ọdún 2025, Microsoft dáwọ́ àtúnṣe ọ̀fẹ́ dúró lórí Windows 10, àfi fún ẹni tó bá forúkọ sílẹ̀ fún àfikún ọdún kan. Windows 11 tí wọ́n ní ká bọ́ sí ń béèrè ẹ̀rọ ààbò tó ń jẹ́ TPM 2.0, ó sì ń béèrè Intel ìran kẹjọ sókè. Púpọ̀ nínú láptọ́ọ̀pù tòkunbọ̀ tó wà lọ́wọ́ akẹ́kọ̀ọ́ kò dé ibẹ̀. Ìran kẹfà ni, ìran keje ni, òmíràn tiẹ̀ jẹ́ ìran kẹrin. Kò bàjẹ́, kò lọ́ra, àṣẹ ilé iṣẹ́ ló sọ ọ́ di arúgbó. Linux ní tirẹ̀ kò bi í léèrè ọjọ́ orí. Linus Torvalds, akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì Helsinki, ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní 1991, ẹnikẹ́ni ló sì lè mú un lọ́fẹ̀ẹ́. Linux Mint, ọ̀kan nínú àwọn ẹ̀yà Linux, kò ju bíi gígábáìtì mẹ́ta lọ láti dáńlóòdù, èèyàn sì lè tan kọ̀ǹpútà láti orí fláàṣì kó wò ó dáadáa kó tó fi ọwọ́ kan ohunkóhun nínú Windows rẹ̀.

Tẹ́lẹ̀, ẹni tó bá fẹ́ràn géèmù kò ní dúró ti Linux rárá, nítorí géèmù kò sí níbẹ̀. Ohun tó yí i padà ni ìbẹ̀rù oníṣòwò kan. Ní 2012, Gabe Newell, olórí Valve, ilé iṣẹ́ tó ni ọjà géèmù Steam, bínú sí Windows 8 ní gbangba. Ó ń bẹ̀rù pé Microsoft á ṣí ọjà tirẹ̀ sínú Windows, á sì ti àwọn ọlọ́jà yòókù síta. Ìgbìyànjú rẹ̀ àkọ́kọ́, àwọn kọ̀ǹpútà Steam Machine tó jáde ní 2015, já sí òfo, nítorí àwọn tó ń ṣe géèmù kò fẹ́ tún iṣẹ́ wọn ṣe nítorí èrò péréte. Ní oṣù Kẹjọ 2018 ni Valve wá gbé Proton jáde. Wine, iṣẹ́ tí àwọn ènìyàn ti ń ṣe lọ́fẹ̀ẹ́ láti 1993, ni wọ́n gbé e lé lórí. Ògbufọ̀ ni Proton: bí géèmù Windows bá ti ń sọ̀rọ̀, òun á máa túmọ̀ rẹ̀ fún Linux lójú ẹsẹ̀. Nígbà tí ẹ̀rọ Steam Deck jáde ní oṣù Kejì 2022, ẹgbẹẹgbẹ̀rún géèmù tí ẹnikẹ́ni kò ṣe fún Linux ti ń ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀.

Títí dé ibí yìí, Linux ló ń borí. Ẹ jẹ́ ká wá dé ọ̀dọ̀ bọ́ọ̀lù, nítorí òun ni ọmọ Ọyẹ́ fẹ́.

Láti orí FIFA 23 tó jáde ní 2022 ni EA, ilé iṣẹ́ tó ń ṣe é, ti ń fi ẹ̀ṣọ́ tirẹ̀ sínú géèmù bọ́ọ̀lù orí kọ̀ǹpútà, láti mú àwọn tó ń ṣe màgòmágó. Inú kọ́lọ́fín Windows pátápátá ni ẹ̀ṣọ́ yìí máa ń wọ̀. Proton kò lè túmọ̀ rẹ̀, nítorí náà géèmù kò ní ṣí. EA Sports FC tó rọ́pò FIFA ń tọ ọ̀nà kan náà. Kì í ṣe bọ́ọ̀lù nìkan. Ní oṣù Kẹsàn-án 2024, wọ́n fi ẹ̀ṣọ́ tó ń jẹ́ BattlEye kún GTA Online, àwọn tó ń lo Linux sì bọ́ síta. Kó tó di ìparí ọdún yẹn, EA ti ti ilẹ̀kùn Apex Legends mọ́ wọn, géèmù tó ti ń ṣiṣẹ́ dáadáa lórí Linux tẹ́lẹ̀.

Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé àìlera Linux ni. Láti 2021 ni àwọn tó ni BattlEye àti Easy Anti-Cheat ti kéde pé ẹ̀ṣọ́ wọn lè ṣiṣẹ́ lábẹ́ Proton bí oní-géèmù bá fọwọ́ sí i. Epic ló ni Easy Anti-Cheat, síbẹ̀ Epic kò jẹ́ kí Fortnite tirẹ̀ ṣiṣẹ́ lórí Linux. Ìdáhùn wọn ni pé Linux fún oníkọ̀ǹpútà lágbára tó pọ̀ jù lórí ẹ̀rọ rẹ̀, oníjìbìtì á sì rí ibi sá pamọ́ sí. Òótọ́ wà níbẹ̀, mi ò ní bò ó mọ́lẹ̀. Ẹni tó ń fi owó díje pẹ̀lú àjèjì ní ìlú jíjìn nílò adájọ́. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ méjì tó jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì kan náà ní Ìkọ̀lé, tí wọ́n ń pín páàdì, kò nílò ẹ̀ṣọ́ tí yóò wọ inú kọ́lọ́fín láptọ́ọ̀pù tí iṣẹ́ àṣejáde ọ̀kan nínú wọn wà. EA kò fún wọn láǹfààní láti yàn. Lórí bọ́ọ̀lù tuntun, Windows ló borí, mo sì gbà bẹ́ẹ̀ fún un. Ẹni tí kò lè ṣe kó má gbá FC tuntun lórí kọ̀ǹpútà, kó fi Windows rẹ̀ sílẹ̀ níbi tó wà.

Ìbéèrè tó kàn ni pé: ta ló ń ra FC tuntun lọ́dọ̀ wa? 70 dọ́là ni wọ́n máa ń fi sórí géèmù bẹ́ẹ̀ bó bá jáde, dọ́là sì ni Steam fi ń tajà fún ọmọ Nàìjíríà. Bí a bá ṣẹ́ ẹ ní 1,500 náírà sí dọ́là kan, 105,000 náírà ni. Owó oṣù tó kéré jù tí ìjọba fọwọ́ sí ní oṣù Keje 2024 jẹ́ 70,000 náírà. Géèmù kan ṣoṣo ju iṣẹ́ oṣù kan lọ! Abájọ tí ẹ̀dà tí wọ́n ti já kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ fi ń ti inú fláàṣì kan bọ́ sínú òmíràn ní àwọn họ́sítẹ́ẹ̀lì. Mi ò ní dá ọmọ tí kò rí 105,000 lẹ́jọ́, àmọ́ mo mọ ohun tí irú ẹ̀dà bẹ́ẹ̀ ń gbé wọlé: wọn á ní kó kọ́kọ́ pa ẹ̀ṣọ́ tó ń dènà fáírọ́ọ̀sì kí géèmù náà tó lè wọlé, ohun tó bá sì tẹ̀ lé e wọlé kò ní kí i. Ṣòkòtò àgbàbọ̀, bí kò fúnni lẹ́sẹ̀, a ṣoni. Rẹ́múrẹ́mú ni ohun ẹni ń bá ni mu.

Ó yà mí lẹ́nu pé àwọn tó ń sọ pé Linux kì í ṣe fún géèmù ni wọ́n ń gbá bọ́ọ̀lù lórí Tecno àti Infinix lójoojúmọ́. Orí kókó Linux ni Android dúró lé. PPSSPP tí wọ́n fi ń gbá géèmù bọ́ọ̀lù PES lórí fóònù, tí Henrik Rydgård bẹ̀rẹ̀ ní 2012, ìmọ̀ ọ̀fẹ́ (open source) ni, ó sì wà fún Linux orí láptọ́ọ̀pù bákan náà. Ẹni tó bá ní díìsì PS2 tirẹ̀ nílé, á lè fi PCSX2 gbá a. Bọ́ọ̀lù àtijọ́ wà níbẹ̀ yanturu.

Ibi tí ẹni tó ń polówó Linux kì í fẹ́ dúró sí ni ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ àwòrán inú láptọ́ọ̀pù. Láti 2023 ni Proton tuntun ti ń béèrè ohun tó ń jẹ́ Vulkan 1.3. Láptọ́ọ̀pù Intel ìran kẹrin sísàlẹ̀ kò ní i, Proton àtijọ́ nìkan ló lè lò, géèmù tí ìyẹn sì lè gbé kò pọ̀. Ìran kẹfà àti ìkeje ní Vulkan náà. Ẹ wo bó ṣe bọ́ sí i: àwọn gan-an ni Windows 11 lé jáde. Bí ọmọ kan bá bi mí ohun tí yóò rà, màá ní kó wá ìran kẹfà tàbí ìkeje, kí RAM rẹ̀ jẹ́ gígábáìtì 8, kó sì yọ háàdì díìsì tó ń yí kúrò, kó fi SSD sí i. Kó má retí géèmù ńláńlá, nítorí ẹ̀rọ àwòrán náà kò lágbára wọn, ìbáà jẹ́ Windows, ìbáà jẹ́ Linux. Stardew Valley àti Hollow Knight ní ẹ̀dà Linux tiwọn, wọ́n á sì ṣe dáadáa. SuperTuxKart àti Wesnoth kò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Iná àti dátà ńkọ́? Kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré níhìn-ín. Ní oṣù Kẹsàn-án 2019, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ FUOYE ṣe ìwọ́de ní Ọyẹ́ nítorí àìsí iná, ẹ̀mí sì ṣòfò. Ẹnikẹ́ni tó bá ń wọn ohun èlò fún àwọn ọmọ ìlú yìí gbọ́dọ̀ fi iná sínú ìwọ̀n. Ní ti dátà, EA Sports FC ń béèrè àyè tó tó 100 gígábáìtì. Ọ̀dọ́ nọ́ọ̀sì ní ilé ìwòsàn ìkọ́ni ní Ìdó, tó ti iṣẹ́ òru dé, tó fẹ́ fi wákàtí kan gbádùn ara rẹ̀, yóò ha fi dátà oṣù mélòó gbé e wálẹ̀, pàápàá láti oṣù Kìíní 2025 tí àjọ NCC ti gba àwọn ilé iṣẹ́ tẹlifóònù láyè láti fi tó ìdá 50 nínú ọgọ́rùn-ún lé owó wọn? Windows a máa fa àtúnṣe wálẹ̀ láìgba àṣẹ dáadáa. Linux Mint á kọ́kọ́ bi ọ́. Ṣùgbọ́n Steam lórí Linux náà ní àṣà jíjẹ dátà tirẹ̀: ó máa ń fa ohun tó ń pè ní shader wálẹ̀ fún géèmù kọ̀ọ̀kan. Ẹ pa á nínú Settings kí ẹ tó ṣe ohunkóhun.

Ní ti ìrànlọ́wọ́, Windows ló wúwo jù nínú ìwọ̀n. Àwọn tó ń tún láptọ́ọ̀pù ṣe ní Ọyẹ́ mọ Windows bí ẹní mowó. Bí Linux bá kọ̀ láti rí Wi-Fi, o lè wá ẹni tí yóò bá ọ tún un ṣe títí dé Ìfàkì láìrí.

Síbẹ̀ ohun kan wà tó mú mi tẹ̀ sí apá Linux, òun sì ni ọ̀rọ̀ ta ló ni géèmù tí a rà. Ní ọjọ́ 31 oṣù Kẹta 2024, Ubisoft pa sáfà The Crew, gbogbo ẹni tó ti fi owó ra géèmù náà kò sì lè ṣí i mọ́, kódà èyí tó wà nínú díìsì. Àyè lílò ni wọ́n tà fún wọn. Díìsì PS2 tó wà ní ṣọ́ọ̀bù, bí ó ti họ tó yẹn, ẹni tó ni ín ló ni ín. Linux kò sọ géèmù tí a rà lórí Steam di tiwa, n kò ní parọ́. Ṣùgbọ́n géèmù tó jẹ́ ìmọ̀ ọ̀fẹ́ kò ní ẹni tí yóò dá ọjọ́ ikú fún un.

Ọ̀rọ̀ yìí tún le jù fún ẹni tó fẹ́ ṣe géèmù. Abiola Olaniran, tó kẹ́kọ̀ọ́ ní OAU ní Ifẹ̀, dá Gamsole sílẹ̀ ní 2012, àwọn géèmù rẹ̀ sì gbajúmọ̀ lórí Windows Phone káàkiri ayé. Microsoft fúnra rẹ̀ ló wá pa Windows Phone rẹ́. Ní oṣù Kẹsàn-án 2023, Unity tí ọ̀pọ̀ fi ń ṣe géèmù jí lọ́jọ́ kan, ó ní òun á máa gba owó lórí ẹ̀dà kọ̀ọ̀kan tí èèyàn bá fi sórí ẹ̀rọ. Ariwo sọ, ọdún kan gbáko sì kọjá kó tó fagi lé e. Godot ni ìdàkejì rẹ̀. Juan Linietsky àti Ariel Manzur, àwọn ọmọ Ajẹntínà, ló ṣí i sílẹ̀ fún gbogbo ayé ní 2014. Kò tó 200 mẹ́gábáìtì láti dáńlóòdù, ó sì ní ọ̀nà ìyàwòrán kan tó ń jẹ́ Compatibility tí kò béèrè Vulkan rárá, tó fi jẹ́ pé láptọ́ọ̀pù ìran kẹrin tí Proton tuntun kọ̀, Godot á gbà á. Bí ẹ̀ka ìmọ̀ kọ̀ǹpútà kan bá fi í sórí gbogbo kọ̀ǹpútà rẹ̀ lónìí, kò ní san kọ́bọ̀ fún ẹnikẹ́ni lọ́dún tó ń bọ̀, bọ́ọ̀lù tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ bá sì fi ṣe yóò jáde fún Windows, Linux àti fóònù Android láti orí láptọ́ọ̀pù kan náà.