Ìgboyà Nínú Ìṣàkóso Òwò

Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ wa, bí a bá ní kí olórí òwò láyà, àwọn kan á rò pé ẹni tó ń pariwo nípàdé là ń wí. Rárá o. Ẹ jẹ́ ká wo ilẹ̀ Ẹ̀gbá wa níbí.

Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ń gbẹ́sẹ̀ lé ìrẹsì àwọn obìnrin ọlọ́jà Abẹ́òkúta láìsanwó. Wọ́n gbé ọ̀rọ̀ náà tọ ìyáàfin Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti lọ, wọ́n fẹjọ́ sùn títí ìjọba fi jáwọ́. Nígbà tí ọ̀rọ̀ wá kan owó orí obìnrin, ẹgbẹ́ wọn gba oníṣirò owó kí ó yẹ ìwé ìjọba ìbílẹ̀ wò. Ní 1947, ẹgbẹẹgbẹ̀rún wọn lọ jókòó sí iwájú ààfin. Ní January 1949, Aláké Adémọ́lá fi ìtẹ́ sílẹ̀. Gbogbo ènìyàn ló mọ ti ààfin. Lójú tiwa, ti ìwé ìṣirò yẹn ló gba àyà jù.

Nínú ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ pàápàá, ibẹ̀ ni iṣẹ́ wà. Alága tí ọ̀rẹ́ rẹ̀ kò tíì san gbèsè àná, tó tún fẹ́ yá òmíràn, kó ní kò sí! Ó ṣòro, pàápàá bí wọ́n bá jọ wọ aṣọ ẹbí lọ́jọ́ Sátidé. Bí owó bá dín, ọjọ́ tí akápò mọ̀ ni kó sọ ọ́, kó má dúró de ayẹ̀wéwò.

Ẹ̀yin náà, kí ìpàdé ọdọọdún tó dé, ẹ ní kí wọ́n fi ìwé hàn yín. Bí ẹnikẹ́ni bá bínú, ẹ tún béèrè.