Ariwo, híhan, títa, híhó, kíkùn: orúkọ ìró àti wíwá àléébù rédíò nínú ọkọ̀ òfuurufú kékeré

Ariwo (ọ̀rọ̀-orúkọ). 1. Igbe, tàbí ohùn ọ̀pọ̀ ènìyàn tí ó dàpọ̀: *ariwo ọjà*. 2. Nínú iṣẹ́ rédíò: ìró yòówù tí kì í ṣe ara ọ̀rọ̀ tí à ń sọ, tí ó sì ń bo ọ̀rọ̀ náà mọ́lẹ̀.

Àlàyé lórí ìlò. Ìtumọ̀ kejì yìí gbòòrò jù fún ẹni tí ó fẹ́ tún rédíò ṣe. Bí awakọ̀ òfuurufú bá sọ fún mẹkáníìkì pé rédíò òun ń pariwo, kò tíì sọ ohun tí ó lè ràn án lọ́wọ́. Nínú ọkọ̀ kékeré bíi Cessna 172, orísun ariwo pọ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan ni ó sì ní ohùn tirẹ̀. Yorùbá ní ọ̀rọ̀-ìṣe tí ó bá àwọn ohùn wọ̀nyí mu. Ẹni tí ó bá yan èyí tí ó yẹ ti rìn jìnnà lójú ọ̀nà àtiṣàwárí àléébù náà.

Rédíò tí awakọ̀ fi ń bá ilé ìṣọ́ sọ̀rọ̀ wà láàrin megahertz 118 sí 137, ìlànà AM ni ó sì ń lò. Nínú AM, lílọ sókè àti sódò agbára ìgbì ni ó ń gbé ọ̀rọ̀. Nítorí náà, bí iná bá ta pàrà níbì kan nínú ọkọ̀, tí ó sì fi agbára kún ìgbì náà, rédíò a gbà á bí ẹni pé ọ̀rọ̀ ni. Bákan náà, bí ènìyàn méjì bá sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ìgbì wọn a forí gbárí, a sì di ìró kan tí ó ń han. Irú èyí ṣẹlẹ̀ ní Tenerife ní ọjọ́ 27 oṣù Kẹta ọdún 1977. Àléébù rédíò kọ́ ni ó fà á. Ohùn méjì ni ó pàdé. Ṣùgbọ́n ìró náà bo ọ̀rọ̀ tí ì bá dá ọkọ̀ kan dúró, ọkọ̀ ńlá méjì kọlu ara wọn, ènìyàn 583 sì kú. Nídìí èyí, kò yẹ kí a fojú kékeré wo ariwo rédíò.

Han. Ìró tí ó mú, tí ó sì ròkè. Bí ó bá ń ròkè sí i bí ẹ́ńjìnnì ti ń yára sí i, alternator ni kí a kọ́kọ́ fura sí. Iná tó ń lọ tó ń bọ̀ ni alternator ń pèsè. Àwọn diode inú rẹ̀ ni ó ń sọ ọ́ di iná tí ń lọ sí ọ̀nà kan ṣoṣo. Bí diode kan bá bàjẹ́, tàbí tí capacitor tí ń sẹ́ iná náà kò ṣiṣẹ́ mọ́, ìgbì a ṣẹ́kù nínú iná. Lórí ilẹ̀, kí ẹ́ńjìnnì máa ṣiṣẹ́, kí a pa alternator, kí a sì jẹ́ kí bátìrì nìkan gbé rédíò. Bí híhan náà bá dáwọ́ dúró, ọ̀nà ti là. Bí ó bá jẹ́ pé ńṣe ni ó ń ròkè tí ó sì ń já lójijì nígbàkígbà tí iná etí ìyẹ́ bá kọ mànà, iná náà ni kí a pa wò.

Ta. Ìró kúkúrú léraléra, bí àgbàdo tí ń ta nínú ìkòkò. Bí títa náà bá ń yára pẹ̀lú ẹ́ńjìnnì, tí pípa alternator kò sì pa á, magneto tàbí wáyà púlọ́ọ̀gì ni. Magneto méjì ni ó sábà máa ń wà. Bí ìró náà bá lọ nígbà tí a pa ti òsì, apá òsì ni kí a yẹ̀ wò, pàápàá irin tí wọ́n hun yí wáyà ká, bóyá ó ti já.

Hó. Bí omi tí ó gbóná. Bí rédíò bá ń hó nínú òjò tàbí eruku ọyẹ́ nìkan, ara ọkọ̀ ni ó ń kó iná jọ nínú afẹ́fẹ́, tí iná náà sì ń jò jáde ní ṣóńṣó antenna. Lára ọkọ̀ tí ó ní wọn, kí a yẹ àwọn ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ ẹ̀yìn ìyẹ́ wò, nítorí iṣẹ́ wọn ni láti tú iná náà dànù.

Kùn. Bí oyin. Kíkùn tí kò tẹ̀lé ẹ́ńjìnnì sábà máa ń wá láti ara ẹ̀rọ tí a fi ń gba iná sí fóònù tàbí láti ara iná LED. Kí a yọ wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ọ̀nà tí ìró ń gbà wọlé. Orísun yàtọ̀ sí ọ̀nà. Bí a bá yí ohùn rédíò sílẹ̀ pátápátá tí ìró kò lọ, wáyà tí ń gbé ohùn lọ sí etí ni ó ń gbà. Bí ó bá lọ, kí a yọ antenna lẹ́yìn rédíò: bí ìró bá dákẹ́, inú afẹ́fẹ́ ni ó ń gbà wọlé, bí kò bá dákẹ́, wáyà iná ni. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fi rédíò náà sọ̀rọ̀ nígbà tí antenna kò sí lára rẹ̀, kí ó má baà jóná.

Àpẹẹrẹ. *Kò péye:* «Ọ̀gá, rédíò yìí ń pariwo.» *Ó péye:* «Ọ̀gá, ó ń han, ó ń tẹ̀lé ẹ́ńjìnnì, ó sì dákẹ́ nígbà tí mo pa alternator.»