Ẹ̀rọ amúlétutù nínú ilé Àgùdà: ẹ ṣọ́ omi rẹ̀

Lọ́dún 1902, nígbà tí Willis Carrier ya àwòrán ẹ̀rọ amúlétutù rẹ̀ àkọ́kọ́ fún ilé iṣẹ́ ìtẹ̀wé kan ní Brooklyn, ọ̀rọ̀ ẹni tó ń làágùn kọ́ ló gbé e lọ́kàn. Ìwé ni. Ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ ń mú kí ìwé fẹ̀ lónìí, kó sún kì lọ́la, àwọ̀ tí wọ́n tẹ̀ lórí ara wọn kò sì bára mu mọ́. Ẹ̀rọ náà wá láti fa omi kúrò nínú afẹ́fẹ́. Ẹni tó bá fẹ́ gbé e sínú ilé tó ti lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún, ibẹ̀ ni kó ti bẹ̀rẹ̀ ìṣirò rẹ̀, torí omi yẹn gbọ́dọ̀ ríbi gbà.

Àwọn ilé Àgùdà ni mo ní lọ́kàn, àwọn tó ṣẹ́ kù ní Pópó Àgùdà ní erékùṣù Èkó àti àwọn ẹgbẹ́ wọn ní Àjàṣẹ́ ní orílẹ̀-èdè Benin. Àwọn Àgùdà, ìyẹn àwọn tó bọ́ lóko ẹrú Brazil tí wọ́n padà wálé, ló mú ọgbọ́n ìkọ́lé náà dé. Ògiri nípọn, amọ̀ tàbí bíríkì ni. Àjà ga fíofío. Fèrèsé onípákó dojú kọ ara wọn, ọ̀dẹ̀dẹ̀ sì la àárín ilé já láti iwájú dé ẹ̀yìn. Atẹ́gùn ń wọlé níhìn-ín, ó ń jáde lọ́hùn-ún, ooru ń gòkè lọ sábẹ́ àjà. Ilé náà ti ń mú ara rẹ̀ tutù kí iná mànàmáná tó dé.

Kí ló wá dé tí àwọn onílé ń wá ẹ̀rọ? Wọn kò jẹ̀bi. Ilé gíga ti yí wọn ká, atẹ́gùn ọ̀sà kò rọ́nà gbà mọ́. Ẹ̀rọ amúnáwá aládùúgbò ń tú èéfín sójú fèrèsé, ẹni tó bá ṣí i, ikọ́ ló ń pè. Ògiri tó nípọn pàápàá ní àbùkù tirẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwa olólùfẹ́ ilé àtijọ́ kì í fẹ́ sọ ọ́: ooru tó bá mu lọ́sàn-án, òru ló ń dá a padà sínú yàrá.

Ní Èkó, ní ọ̀pọ̀ oṣù nínú ọdún, afẹ́fẹ́ rin débi pé ohunkóhun tó bá tutù ju nǹkan bí dígírì 24 lọ ni ìrì máa ń sẹ̀ sí lára. Ìdí nìyẹn tí ìgò omi tó ti inú fíríìjì jáde fi ń làágùn lórí tábìlì. Bí onílé bá tẹ rìmóòtù sí 16, ògiri, àjà àti igi fèrèsé yàrá náà á di ìgò yẹn. Ilé tuntun tí wọ́n dí pinpin lè fara dà á. Ní ilé Àgùdà, àlàfo wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, lókè àjà, lábẹ́ ilẹ̀kùn, afẹ́fẹ́ rírin sì ń gba ibẹ̀ wọlé lọ bá ibi tó tutù. Omi tó bá sẹ̀ sẹ́yìn àjà onípákó kì í tètè hàn sójú. Ikán ló máa ń kọ́kọ́ mọ̀.

Ọ̀rinrin tó bá wọ ògiri amọ̀ lè rọ́nà jáde, bí ohun tí wọ́n fi rẹ́ ẹ bá gbà á láyè láti gbẹ. Ṣùgbọ́n bíríkìlà ti fi siméǹtì tún ọ̀pọ̀ nínú wọn rẹ́, wọ́n sì fi ọ̀dà tó ń dán kùn ún lé e. Omi wọlé, kò rójú jáde. Amọ̀ inú rọ̀, siméǹtì ìta wú, ó sì já bọ́ pẹ̀lú ọnà tó wà lára rẹ̀. Lójú tèmi, siméǹtì yẹn ti ba ilé jẹ́ ju ẹ̀rọ amúlétutù lọ. Ẹ̀rọ kàn ń parí iṣẹ́ tí siméǹtì bẹ̀rẹ̀ ni.

Omi tí ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ ń yọ kò sì kéré. Ẹ̀rọ 1.5 horsepower lè yọ ju lítà kan lọ ní wákàtí kan nígbà tí afẹ́fẹ́ bá rin dáadáa. Páìpù tín-ínrín á so rọ̀ láti òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, á máa kán tó, tó, tó sára ògiri, ojú ibẹ̀ á di àwọ̀ ewé. Ìpìlẹ̀ ògiri amọ̀ kì í ṣe ohun tí à ń bomi rin.

Kí la lè ṣe? Yàrá kan ṣoṣo ni kí á mú tutù, yàrá tí wọ́n ń sùn, kí ìyókù ilé máa lo fèrèsé rẹ̀. Kí á dí àlàfo yàrá náà, kí á fi ẹ̀rọ sí 26, kí fáànù máa fẹ́ lókè. Ẹ̀rọ oníínfátà dára jù, torí pé kì í fi agbára bẹ́ẹ̀ já wáyà gbà nígbà tó bá ń gbéra, wáyà ilé àtijọ́ sì lè má ju ti gílóòbù lọ. Kí oníṣẹ́ iná fa wáyà tuntun fún un láti orísun. Apá tó ń pariwo níta, ẹ má gbé e kọ́ ògiri amọ̀, ìṣó kì í dì í mú dáadáa, gbígbọ̀n ẹ̀rọ á sì máa tú u. Ilẹ̀ ẹ̀yìnkùlé ni àyè rẹ̀. Àwọn tó ń fi àjà oníke bo ti àtijọ́ kí yàrá má baà ga jù, kí wọ́n jọ̀wọ́ dáwọ́ dúró: wọ́n ń fi ibi tí òrùlé ti ń jò pamọ́ fún ara wọn.

Òfin ńkọ́? Ní Britain, ilé tí òfin dáàbò bò kò gbọ́dọ̀ gba irú àyípadà bẹ́ẹ̀ láìgba àṣẹ. Ìlànà National Park Service ní Amẹ́ríkà ni pé ohun tuntun tí a bá fi kún ilé ìtàn gbọ́dọ̀ ṣeé yọ lọ́la láìba ilé jẹ́. Ní Nàìjíríà, NCMM, àjọ ìjọba tó ń bójú tó ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé àti ohun ìrántí, ló ni àṣẹ lórí ilé tí ìjọba bá kéde ní ohun ìrántí orílẹ̀-èdè, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ilé Àgùdà ni ìkéde kò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ilé Ìlójò, ilé Àgùdà kan ní Èkó tí wọ́n kọ́ ní 1855, ní tirẹ̀ gba ìkéde ní 1956. Wọ́n wó o ní 2016.

Nítorí náà ọwọ́ onílé ni ó kù sí. Ihò tí páìpù máa gbà kò ju nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 7 lọ: kí wọ́n lu ú sí ògiri ẹ̀yìn, kó dà síhà ìta díẹ̀, kí wọ́n fi amọ̀ dí etí rẹ̀, kí páìpù omi sì sọ̀ kalẹ̀ dé inú gọ́tà.