Bí Medicaid ṣe ń sanwó ìtọ́jú ọpọlọ ládùúgbò, àti ibi tí wọ́n ti ń tún un ṣe

Ká ní nọ́ọ̀sì kan ní ìlú kékeré kan ní Amẹ́ríkà wa ọkọ̀ fún ogójì ìṣẹ́jú kó lè wá ọkùnrin kan tí kò yọjú láti gba abẹ́rẹ́ rẹ̀ lóṣù yìí. Abẹ́rẹ́ náà ni kì í jẹ́ kí àwọn ohùn tó ń gbọ́ létí dà á láàmú. Nọ́ọ̀sì wo abẹ́ afárá, ó dé ṣọ́ọ̀ṣì tí wọ́n ti ń pín oúnjẹ, kò rí i. Iṣẹ́ gidi ló ṣe yẹn. Ṣùgbọ́n tó bá padà dé ọ́fíìsì, kò sí ibi tó máa kọ ọ́ sí tí Medicaid á fi sanwó rẹ̀.

Medicaid ni ètò adójútòfò ìlera tí ìjọba Amẹ́ríkà ń ṣe fún àwọn tí owó tó ń wọlé fún wọn kéré àti fún ọ̀pọ̀ aláàbọ̀ ara. Ìjọba àpapọ̀ ń san ìdajì owó náà ó kéré tán, ìjọba ìpínlẹ̀ sì ń san ìyókù. Kò sí ẹni tó ń náwó tó Medicaid lórí ìtọ́jú ọpọlọ ní orílẹ̀-èdè náà. Nítorí náà, iṣẹ́ tí Medicaid kò bá sanwó fún, kì í pẹ́ tí iléewòsàn á fi pa á tì.

Ọ̀rọ̀ náà ti pẹ́ nílẹ̀. Lọ́dún 1955, àwọn tó wà nínú iléewòsàn ọpọlọ ńláńlá ti ìjọba ìpínlẹ̀ lé ní ìdajì mílíọ̀nù. Ní October 31, 1963, Ààrẹ John F. Kennedy buwọ́ lu òfin tó ní kí wọ́n kọ́ ilé ìtọ́jú ọpọlọ sí àárín ìlú, kí aláìsàn lè máa gbélé rẹ̀ gba ìtọ́jú. Ọ̀rọ̀ náà dé ilé tirẹ̀ náà: iṣẹ́ abẹ tí wọ́n ṣe sí ọpọlọ Rosemary, àbúrò rẹ̀ obìnrin, lọ́dún 1941 ti sọ ọ́ di ẹni tí kò lè dá gbé mọ́. Ilé ìtọ́jú 1,500 ni wọ́n ní àwọn máa kọ́, nǹkan bí ìdajì ni wọ́n rí kọ́. Owó ìkọ́lé ni òfin náà gbé kalẹ̀. Owó òṣìṣẹ́ tí wọ́n fi kún un lẹ́yìn náà ní ọjọ́ tó máa tán. Nígbà tí Medicaid dé lọ́dún 1965, òfin rẹ̀ kọ̀ láti sanwó fún ẹni tí kò tíì pé ọdún 65 tó bá wà ní iléewòsàn ọpọlọ ńlá, ni àwọn ìpínlẹ̀ bá túbọ̀ ń tú àwọn aláìsàn sílẹ̀. Àwọn èèyàn padà sílé, owó kò bá wọn padà.

Owó tó wá kù fún ìtọ́jú àdúgbò, ẹyọ ẹyọ ni wọ́n ń san án. Iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà àti iye tirẹ̀, púpọ̀ nínú wọn jẹ́ ìṣẹ́jú 15 lẹ́ẹ̀kan. Aláìsàn gbọ́dọ̀ jókòó síwájú òṣìṣẹ́ kí aago tó bẹ̀rẹ̀ sí í kà. Tí kò bá wá, wákàtí yẹn ti ṣòfò. Pípe ìyá rẹ̀ lórí fóònù, bíbá onílé bẹ̀bẹ̀ kó má lé e jáde, wíwakọ̀ kiri: ọ̀pọ̀ ìgbà ni kò sí nọ́ńbà fún wọn. Iye tí wọ́n sì ń san lórí ẹyọ kọ̀ọ̀kan kì í sábà tó ohun tí iléewòsàn ná. Nítorí náà, dókítà kì í pẹ́ níbẹ̀, aláìsàn á wá dúró títí kí wọ́n tó rí i, ọ̀pọ̀ á sì ti dé yàrá pàjáwìrì tàbí ẹ̀wọ̀n kí ọjọ́ tí wọ́n fún un tó pé.

Lọ́dún 2014, Sẹ́nétọ̀ Debbie Stabenow láti Michigan àti Roy Blunt láti Missouri, tí wọn kò sí nínú ẹgbẹ́ òṣèlú kan náà, mú ọ̀nà míì wọ inú òfin. Àwọn iléewòsàn tó bá gbà á ni wọ́n ń pè ní CCBHC. Ìpínlẹ̀ 8 ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ lọ́dún 2017.

Ìṣirò rẹ̀ kò le. Iléewòsàn á kọ gbogbo ohun tó ń ná lọ́dún kan sílẹ̀: owó oṣù, epo ọkọ̀, àwọn tó ń gbé fóònù lóru, àwọn tó ti ṣe àìsàn náà rí tí wọ́n wá ń ran ẹlòmíì lọ́wọ́. Ká ní ó jẹ́ mílíọ̀nù mẹ́fà dọ́là. Wọ́n á wá ka iye ọjọ́ tí aláìsàn gba ìtọ́jú lọ́dún náà. Ká ní ó jẹ́ 24,000. Tí wọ́n bá pín in, dọ́là 250 ni ọjọ́ kan. Iye yẹn ni Medicaid á máa san lórí ẹnikẹ́ni tó ní káàdì rẹ̀ tí wọ́n tọ́jú lọ́jọ́ kan, ì báà jẹ́ dókítà nìkan ló rí, ì báà jẹ́ dókítà, nọ́ọ̀sì àti agbaninímọ̀ràn.

Ibí ló ti yẹ ká fara balẹ̀. Ọjọ́ tí nọ́ọ̀sì yẹn kò rí ọkùnrin tó ń wá, kò sí dọ́là 250 kankan. Àmọ́ owó oṣù rẹ̀ àti epo tó jó ti wà nínú dọ́là 250 tí wọ́n gbà lórí àwọn tí wọ́n rí. Iléewòsàn kò pàdánù mọ́ nítorí pé ó rán an jáde. Lójú tèmi, ohun tó dára jù nínú àtúnṣe náà nìyẹn.

Ìjọba kò fi í sílẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. CCBHC gbọ́dọ̀ ní ètò pàjáwìrì tọ̀sán-tòru. Ẹni tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ jẹ́ kánjúkánjú, wọ́n gbọ́dọ̀ rí i láàárín ọjọ́ iṣẹ́ kan. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wá, láàárín ọjọ́ iṣẹ́ 10. Wọn kò gbọ́dọ̀ lé ẹnikẹ́ni nítorí àìlówó. Fún ìpínlẹ̀, ìjọba àpapọ̀ gbé ìpín tirẹ̀ sókè: ìpínlẹ̀ tó ń gba ìdá 50 nínú ọgọ́rùn-ún tẹ́lẹ̀ á gba 65 lórí iṣẹ́ wọ̀nyí.

Oklahoma àti New Jersey kò mú ti ojoojúmọ́, ti oṣooṣù ni wọ́n mú: iye kan lórí aláìsàn kan fún oṣù tí wọ́n bá ti tọ́jú rẹ̀. Ní Oklahoma, àwọn iléewòsàn kan fún àwọn ọlọ́pàá ní iPad. Tí ọlọ́pàá bá pàdé ẹni tí orí rẹ̀ ti dàrú lójú títì láàárín òru, á tẹ̀ ẹ́, òṣìṣẹ́ ìtọ́jú ọpọlọ á yọjú lórí rẹ̀, wọ́n á jọ sọ̀rọ̀. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni kò ní sídìí fún àtìmọ́lé, tàbí kí wọ́n gbé onítọ̀hún rin ọ̀nà jíjìn lọ sí iléewòsàn.

Ọgbọ́n ẹ̀wẹ́ lè wọ inú ọ̀nà méjèèjì. Níbi tí wọ́n ti ń san ti ojoojúmọ́, iléewòsàn lè ní kí aláìsàn padà wá lọ́la fún ohun tí wọ́n lè ṣe lónìí. Níbi ti oṣooṣù, wọ́n lè rí i lẹ́ẹ̀kan kí wọ́n sì gbàgbé rẹ̀. Ìṣirò ọdún àkọ́kọ́ sì ní ìfojúdíwọ̀n nínú, ó lè ga ju ohun tí wọ́n ná gan-an lọ. Ìdí nìyẹn tí owó ìwúrí fi wà fún èsì rere, bíi kí ẹni tó kúrò ní iléewòsàn ọpọlọ tètè rí òṣìṣẹ́ àdúgbò. Fún ẹni tí àìsàn rẹ̀ le, ti oṣooṣù ni èmi máa yàn, bí ìpínlẹ̀ bá ń yẹ ìwé wò dáadáa.

Òfin kan tó jáde lọ́dún 2022 ti ṣí ilẹ̀kùn ètò CCBHC sí i: láti 2024, ìpínlẹ̀ 10 míì lè wọlé ní ọdún méjì-méjì. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ní káàdì Medicaid nìkan ni owó yìí ń tẹ̀ lé. Òfin tí wọ́n buwọ́ lù ní July 4, 2025 ní kí ọ̀pọ̀ àgbàlagbà tí kò tíì darúgbó fi hàn pé àwọn ń ṣiṣẹ́ tàbí ń ṣe irú nǹkan bẹ́ẹ̀ fún wákàtí 80 lóṣù, ó sì ní kí àwọn ìpínlẹ̀ bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, ó pẹ́ tán, ní January 2027. Ó yọ ẹni tí àìsàn ọpọlọ ti sọ di aláìlè-ṣiṣẹ́ sílẹ̀, àmọ́ ìpínlẹ̀ gbọ́dọ̀ mọ̀ pé irú ẹni bẹ́ẹ̀ ni. Ẹni tí ẹ̀rù ń bà láti ṣí lẹ́tà ìjọba lè pàdánù káàdì rẹ̀ láìjẹ̀bi. Iléewòsàn kò ní lé e, ṣùgbọ́n owó rẹ̀ ti dúró. Àwọn ìpínlẹ̀ tó bá nífẹ̀ẹ́ ètò CCBHC gbọ́dọ̀ gba àkọsílẹ̀ ìtọ́jú tó ti wà lọ́wọ́ wọn gẹ́gẹ́ bí ẹ̀rí, kí wọ́n má sì dúró de ìwé láti ọwọ́ aláìsàn.