Òótọ́ àbí irọ́? Tókìn tí owó ń wọlé sí kì í jáni kulẹ̀

Láti Bowie títí dé Hyattsville, níbi tí àwa ọmọ Yorùbá pọ̀ sí ní Prince George's County, ọ̀rọ̀ kírípítò kì í tán lẹ́nu wa níbi ìkómọ àti lẹ́yìn ìsìn. Owó àṣelàágùn ni wọ́n ń fi rà á, ìdí nìyẹn tó fi yẹ ká tú àwọn ọ̀rọ̀ kan wò.

"Èyí tí kò tó sẹ́ńtì kan ni kí ẹ rà, ó ṣì máa gòkè." Irọ́ ni. Ẹyọ kan Shiba Inu, irú kírípítò kan, kò tó sẹ́ńtì kan, àmọ́ èyí tó wà níta ju tírílíọ̀nù 580 lọ. Bitcoin kò lè kọjá mílíọ̀nù 21 láéláé. Bí Shiba Inu ẹyọ kan bá di dọ́là kan, àpapọ̀ rẹ̀ yóò ju ìlọ́po mẹ́wàá ohun tí gbogbo Amẹ́ríkà ń pèsè lọ́dún.

"Ẹ fi owó tó ń wọlé lọ́dún pín àpapọ̀ iye owó gbogbo ẹyọ tókìn (kírípítò) kan, èyí tí ìdáhùn rẹ̀ bá kéré ló sàn jù." Òótọ́ wà níbẹ̀, mo sì fẹ́ kí àwọn èèyàn wa mọ̀ ọ́n ṣe. Bí gbogbo ẹyọ tókìn kan tó ti jáde bá tó mílíọ̀nù 500 dọ́là, tí mílíọ̀nù 50 sì ń wọlé lọ́dún, ìlọ́po 10 nìyẹn. Ṣùgbọ́n àpò ta ni mílíọ̀nù 50 náà ń wọ̀? Ọdún 2020 ni Uniswap, ìkànnì tí wọ́n ti ń ṣe pàṣípààrọ̀ kírípítò, gbé tókìn UNI jáde. Àwọn tó ń ṣe pàṣípààrọ̀ níbẹ̀ ń san owó iṣẹ́ tabua, àmọ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún, àwọn tó kó owó sílẹ̀ kí pàṣípààrọ̀ lè ṣeé ṣe ló ń gbà á. Ẹni tó ní UNI dà bí ẹni tó lè dìbò lórí ọ̀rọ̀ ọjà, àmọ́ tí owó ìsọ̀ kò kàn án. Ìparí 2025 ni wọ́n tó dìbò pé kí apá kan owó náà máa ṣiṣẹ́ fún àwọn tó ní tókìn.

Ẹ tún béèrè iye tókìn tó ṣì wà ní títì pa, tí kò tíì dé ọjà. Bí ìdá kan nínú mẹ́rin péré bá ti jáde, tí ẹ bá ka èyí tó kù mọ́ ọn, ìlọ́po 10 tí a ṣírò lókè ti di 40.

Ẹ sì wo owó tó ń jáde. Anchor, ètò ìfowópamọ́ àti ìyáwó lórí kírípítò Terra, máa ń san èlé tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdá 20 nínú ọgọ́rùn-ún lọ́dún. Èlé tí àwọn tó yáwó ń san kò tó o, débi pé àwọn alátìlẹ́yìn rẹ̀ ní láti bu mílíọ̀nù 450 dọ́là sí i ní February 2022. Ní May ọdún náà, Terra wó lulẹ̀.

"Pásítọ̀ ló mú un wá, kò lè jẹ́ èrú." Irọ́ ni, èyí tó sì ń dùn mí jù nìyí. Ní August 2020, àjọ SEC, tó ń bójú tó ọjà ìdókòwò ní Amẹ́ríkà, pe ilé-iṣẹ́ 1st Million, ní Maryland wa níbí, lẹ́jọ́. Àjọ náà ní ó gba ohun tó ju mílíọ̀nù 27 dọ́là lọ́wọ́ nǹkan bí 1,200 èèyàn, tí ọ̀pọ̀ wọn jẹ́ ọmọ Áfíríkà tó ṣí wá síbí, ó sì lo ẹ̀sìn wọn láti fà wọ́n mọ́ra, pẹ̀lú ìlérí èrè tí kò léwu láti inú kírípítò àti owó ilẹ̀ òkèèrè. Gẹ́gẹ́ bí ẹ̀sùn náà, owó àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ni wọ́n fi ń san fún àwọn tó ti wà níbẹ̀. Kò sí owó iṣẹ́ kankan tí èèyàn ìbá fi pín ohunkóhun.