Eegun Ọrùn-Ọwọ́ Tí Kò So Pọ̀: Kí Ni Iṣẹ́ Abẹ Lè Ṣe Sí I?



Ní àdúgbò wa, Dàda Estate ní Òṣogbo, bí ọ̀kadà bá gbé ọ̀dọ́ kan ṣubú, àtẹ́lẹwọ́ ló máa ń kọ́kọ́ fi gbalẹ̀. Ọrùn-ọwọ́ á wú díẹ̀, a ó fi omi gbóná jó o, a ó fi òróró pa á, a ó ní ó kàn rọ́ ni. Lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, kò tíì lè tẹ ọwọ́ mọ́lẹ̀ dáadáa láti forí kanlẹ̀ lórí ìrun. Ohun tí a pè ní rírọ́ yẹn lè jẹ́ eegun tó kán.

Eegun kéékèèké mẹ́jọ ló wà ní ọrùn-ọwọ́. Èyí tó máa ń kán jù nínú wọn ni scaphoid, tó wà ní ìsàlẹ̀ àtàǹpàkò, tó sì rí bí kóró kajú. Ọ̀dọ̀ ìka ni èyí tó pọ̀ jù nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ti ń wọlé, kó tó ṣàn padà sí ìhà apá. Bí ó bá kán láàárín, ìhà apá lè má rí ẹ̀jẹ̀ tó mọ́, bí ilé tó wà ní ìparí páìpù omi tó bẹ́. Eegun tí kò rí ẹ̀jẹ̀ tó lè kọ̀ láti so pọ̀, ó tilẹ̀ lè kú. Bí ọdún bá ń gorí ọdún, oríkèé á bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ, ọwọ́ á sì le.

Àwọn bàbá wa tó ń to eegun ń gbìyànjú, ṣùgbọ́n ojú lásán kò lè rí scaphoid. X-ray ọjọ́ àkọ́kọ́ pàápàá lè má fi hàn. Nítorí náà, bí kòtò kékeré ìsàlẹ̀ àtàǹpàkò bá ń dunni, dókítà á de ọwọ́ náà, á sì tún ya X-ray mìíràn lẹ́yìn nǹkan bí ọjọ́ 10 sí 14. Bí a bá tètè rí i, POP nìkan máa ń tó fún ọ̀pọ̀.

Bí oṣù bá ti kọjá tí kò so, iṣẹ́ abẹ ló kù. Dókítà á la ọrùn-ọwọ́, á ha ohun tó ti bàjẹ́ láàárín eegun méjèèjì kúrò títí tí yóò fi dé eegun tó dára. Á wá bu eegun díẹ̀ láti ìbàdí aláìsàn náà fúnra rẹ̀, tàbí láti eegun apá rẹ̀, á fi dí àlàfo náà. Bí igi ẹ̀gẹ́ tí a gé gbìn ló rí: ohun tó ní ẹ̀mí ni a fi sínú ilẹ̀ kí tuntun lè hù. Skúrù kékeré á di gbogbo rẹ̀ mú. Timothy Herbert, dókítà ará Australia, ló kọ̀wé nípa irú skúrù bẹ́ẹ̀ ní 1984. Bí ẹ̀jẹ̀ bá ti kúrò pátápátá ní apá kan eegun náà, wọ́n lè bu eegun tòun ti iṣan ẹ̀jẹ̀ rẹ̀.

Ó gba sùúrù fún oṣù mélòó kan, kì í sì í ṣe gbogbo rẹ̀ ló ń yọrí sí rere. Ìbàdí tí wọ́n bu eegun lára rẹ̀ lè dunni fún ìgbà díẹ̀. Sìgá máa ń dènà kí eegun so. Ẹni tó ń mu ún gbọ́dọ̀ jáwọ́.

Àwọn kan ń bèèrè bóyá ó tọ́ ní Sharia. Ìgbìmọ̀ àwọn onímọ̀ Fiqh àgbáyé tó jókòó ní Jeddah ní 1988 gbà pé a lè mú ẹ̀yà láti ibì kan lára ènìyàn lọ sí ibòmíràn lára rẹ̀, bí àǹfààní rẹ̀ bá ju ìpalára lọ. Ní ti àlùwàlá, ẹni tí POP wà lọ́wọ́ rẹ̀ á fi ọwọ́ tútù pa orí rẹ̀. Kò ní tú u.

Ẹ má fi ọwọ́ ọmọ yín ṣeré. UNIOSUN Teaching Hospital wà nítòsí wa ní Òṣogbo, OAUTHC wà ní Ilé-Ifẹ̀, ẹ̀ka rẹ̀ sì ni Wesley Guild ní Iléṣà. Ẹ lọ béèrè dókítà eegun níbẹ̀. Wíwá ìwòsàn kò tako gbígbẹ́kẹ̀lé Ọlọ́hun.

Kí Ọlọ́hun fún gbogbo aláìsàn wa ní àlàáfíà. Àmín.