Títò àti Kíkun Dáńfó Àwòṣe Gẹ́gẹ́ Bí Ohun Èlò Ìkọ́ni: Àpẹẹrẹ Láti Ìsàlẹ̀ Èkó

Ìfáárà

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ìgbà ò lọ bí òréré. Bí ọ̀rọ̀ yìí ṣe kan ọmọ ènìyàn náà ló kan ọkọ̀ ìgboro Èkó. Ní ọdún 1902, ọkọ̀ ojú irin kékeré tí wọ́n ń pè ní tírámù bẹ̀rẹ̀ sí í kó èrò láti Ìddó gba orí Afárá Carter wọ Erékùṣù Èkó. Ní ọdún 1933, ó dáwọ́ iṣẹ́ dúró. Bọ́lẹ̀kájà, ọkọ̀ onípákó tó ń kó èrò àti ẹrù pọ̀, gbòde fún ọ̀pọ̀ ọdún, òun náà sì kógbá sílé. Mólúè, tí àwọn oníṣẹ́ irin ń kan ara rẹ̀ lé orí férémù ọkọ̀ akẹ́rù Mercedes-Benz 911, ti fẹ́rẹ̀ẹ́ di àwátì. Nígbà tí bọ́ọ̀sì BRT bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ láti Máìlì 12 sí CMS ní oṣù kẹta ọdún 2008, ọ̀pọ̀ èrò ló bá a lọ. Ní oṣù kejì ọdún 2017, Gómìnà Akínwùnmí Àmbọ̀dé kéde pé ìjọba òun yóò mú dáńfó kúrò ní ìgboro. Dáńfó ṣì ń ná Ọbáléńdé àti CMS títí di òní, ṣùgbọ́n ìkéde náà tó láti fi yéni pé òun náà lè lọ bí àwọn tó ṣáájú rẹ̀ ti lọ.

Ọ̀rọ̀ yìí kan olùkọ́ èdè Yorùbá gbọ̀ngbọ̀n. Bí ohun kan bá kúrò lójú, orúkọ rẹ̀ kì í pẹ́ kúrò lẹ́nu. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá ka ‘bọ́lẹ̀kájà’ nínú ìwé ìtàn àròsọ lónìí lè mọ ìtumọ̀ gbólóhùn tí orúkọ náà ti ṣẹ̀ wá, ìyẹn ‘bọ́ sílẹ̀ kí á jà’, kó má sì mọ bí ọkọ̀ náà ṣe rí rárá. Iṣẹ́ yìí ṣàlàyé bí olùkọ́ ṣe lè to dáńfó kékeré, kó sì kùn ún, kó lè di ohun èlò ìkọ́ni. Kókó tó dúró lé lórí ni pé òtítọ́ ló ń sọ irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ di ẹ̀kọ́. Ẹwà lásán kò tó.

Kí Ni Ọkọ̀ Àwòṣe?

Ọkọ̀ àwòṣe yàtọ̀ sí ọkọ̀ ìṣeré. Ọmọdé ilẹ̀ Yorùbá ti ń fi agolo mílíìkì àti agolo sàdínì ṣe mọ́tò tipẹ́tipẹ́. Ìdérí ìgò ni wọ́n ń fi ṣe ẹsẹ̀ rẹ̀, tàbí kí wọ́n gé sálúbàtà tó ti gbó ṣe táyà, wọn á sì so okùn mọ́ ọn láti máa fà á kiri. Ọgbọ́n ńlá ni, ṣùgbọ́n ojú ni ọmọ fi ń wọn tirẹ̀. Ọkọ̀ àwòṣe ní tirẹ̀ ní òṣùwọ̀n: iye tí wọ́n fi pín gígùn ọkọ̀ gidi náà ni wọ́n fi pín fífẹ̀ rẹ̀, gíga rẹ̀ àti gbogbo ẹ̀yà ara rẹ̀.

Sísọ ohun ńlá di kékeré kì í ṣe àjèjì nínú iṣẹ́ ọnà Yorùbá. Thomas Ona Odulate, ọmọ Ìjẹ̀bú-Òde, gbẹ́ ère kéékèèké àwọn òyìnbó ìjọba, agbẹjọ́rò àti àwọn ará ìlú mìíràn ní ìdajì àkọ́kọ́ ọ̀rúndún ogún, ó sì ń tà wọ́n fún àwọn òyìnbó ní Èkó. Pupa, dúdú àti funfun ni àwọn àwọ̀ tó gbajúmọ̀ lára iṣẹ́ rẹ̀. Ẹni tó bá wo àwọn ère náà lónìí yóò rí fìlà, àkẹtẹ̀, agboòrùn àti aṣọ ìgbà náà lójú kòrókòró. Ohun tí Odulate fi igi ṣe fún ènìyàn ni olùkọ́ òde òní lè fi ike tàbí páálí ṣe fún ọkọ̀.

Òṣùwọ̀n

Àwọn ilé-iṣẹ́ òkèèrè bíi Revell ti Jámánì máa ń ta ẹ̀yà ọkọ̀ oníke nínú páálí fún ẹni tó fẹ́ tò ó fúnra rẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn ni Volkswagen T2, irú Kombi tí wọ́n ṣe ní Jámánì láti 1967 sí 1979, tí ọ̀pọ̀ ènìyàn sì fi ṣe dáńfó ní Èkó. Òṣùwọ̀n rẹ̀ ni 1:24, èyí tó túmọ̀ sí pé sẹ̀ǹtímítà kan lára ọkọ̀ kékeré dúró fún sẹ̀ǹtímítà 24 lára ọkọ̀ gidi.

Ìṣirò rẹ̀ kò nira. Láti àárín ẹsẹ̀ iwájú dé àárín ẹsẹ̀ ẹ̀yìn Kombi gidi jẹ́ mítà 2.4, bí a bá fi 24 pín in, ó di sẹ̀ǹtímítà 10. Gígùn rẹ̀ tó nǹkan bíi mítà 4.5, ìyẹn di bíi sẹ̀ǹtímítà 18.8. Fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ mítà 1.72, ìyẹn sì di bíi sẹ̀ǹtímítà 7.2. Èrò tó ga ní sẹ̀ǹtímítà 168 yóò di sẹ̀ǹtímítà 7 péré. Olùkọ́ tí kò rí ti ike rà lè fi ìṣirò kan náà gé páálí bísíkíìtì. Bí òṣùwọ̀n bá ti pé, ọkọ̀ àwòṣe ni, kì í ṣe ọkọ̀ ìṣeré mọ́.

Sísọ Kombi Di Dáńfó

Kombi tó wà nínú páálí kì í ṣe dáńfó. Ọkọ̀ ìgbafẹ́ ìdílé Jámánì ni. Ohun mẹ́rin ló yẹ kí oníṣẹ́ wò kó tó lẹ ohunkóhun pọ̀.

Èkíní ni sítíárìn. Ní ọjọ́ kejì oṣù kẹrin ọdún 1972 ni Nàìjíríà kúrò ní wíwa ọkọ̀ lápá òsì títì, tó sì bọ́ sí apá ọ̀tún. Nítorí náà, dáńfó ẹ̀yìn ọdún náà gbọ́dọ̀ ní sítíárìn lápá òsì, kí ilẹ̀kùn tí èrò ń gbà wọlé sì wà lápá ọ̀tún, níbi tí etí títì wà. Ẹ̀yà tó wá láti Jámánì bá èyí mu. Ẹni tó bá ra èyí tí wọ́n ṣe ní ìlànà ọkọ̀ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní láti gbé e sí apá kejì.

Èkejì ni ìjókòó. Kí oníṣẹ́ yọ àga onítìmùtìmù kúrò, kó sì fi páálí líle tàbí wáyà ṣe bẹ́ǹṣì tẹ́ẹ́rẹ́ dípò rẹ̀. Ẹ̀kẹta ni ilẹ̀kùn ẹ̀gbẹ́. Ó dára kó wà ní ṣíṣí, nítorí ibẹ̀ ni kọ́ńdọ́ ń dúró sí láti pe èrò. Ẹ̀kẹrin ni nọ́ńbà ọkọ̀. Láti ìgbà tí irú nọ́ńbà òde òní ti bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1992, lẹ́tà aláwọ̀ búlúù ni ti ọkọ̀ àdáni, aláwọ̀ pupa sì ni ti ọkọ̀ èrò. Bí lẹ́tà búlúù bá wà lára dáńfó, irọ́ ni ọkọ̀ náà ń pa.

Kíkùn

Dúdú, funfun àti pupa ni àwọ̀ mẹ́ta tó jẹ́ ìpìlẹ̀ nínú èdè Yorùbá. Abẹ́ pupa ni àwọ̀ ara dáńfó bọ́ sí lójú ọ̀pọ̀ àgbàlagbà. Wọ́n lè pè é ní pupa rúsúrúsú. ‘Àwọ̀ ìyeyè’ tí àwọn olùkọ́ ń lò lónìí wá láti ara èso ìyeyè tó pọ́n. Kí olùkọ́ jẹ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ gbọ́ orúkọ méjèèjì.

Ní ti iṣẹ́ gan-an, kí oníṣẹ́ kọ́kọ́ fi omi ọṣẹ fọ àwọn ẹ̀yà ike náà kó sì jẹ́ kí wọ́n gbẹ, nítorí ọ̀dà kì í lẹ̀ mọ́ ohun tó ní òróró lára. Lẹ́yìn èyí ni ọ̀dà ìpìlẹ̀ yóò tẹ̀ lé e. Funfun ló dára jù, nítorí ọ̀dà ìyeyè kì í bo ohun tó wà lábẹ́ rẹ̀ dáadáa. Bí abẹ́ bá dúdú, òkè yóò ṣú. Kí ó fọ́n ìyeyè sí i ní fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, lẹ́ẹ̀mẹ́ta tàbí lẹ́ẹ̀mẹ́rin, kí ìkọ̀ọ̀kan sì gbẹ kí òmíràn tó dé. Ẹni tó bá da ọ̀dà púpọ̀ lé e lẹ́ẹ̀kan yóò rí i tó ń ṣàn bí omijé.

Ìlà dúdú tó yí dáńfó po ló kàn. Kí ó fi téèpù oníbébà tí àwọn tó ń kun ọkọ̀ ń lò bo òkè àti ìsàlẹ̀ ibi tí ìlà yóò gbà, kó sì fi èékánná tẹ etí téèpù náà mọ́lẹ̀. Ìlà tó fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 10 lára ọkọ̀ gidi yóò di nǹkan bíi mìlímítà 4. Ìyeyè ló gbọ́dọ̀ ṣáájú dúdú, nítorí dúdú lè bo ìyeyè, ìyeyè kò lè bo dúdú.

Ojú ọjọ́ Èkó tún ń fẹ́ ọgbọ́n. Ní àkókò òjò, ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ lè mú kí ọ̀dà tí a fọ́n hu funfun bí ẹfun. Ní àkókò ọyẹ́, ọ̀dà ń gbẹ kíá, ṣùgbọ́n eruku lè lẹ̀ mọ́ ọn. Kí oníṣẹ́ fi páálí bò ó títí yóò fi gbẹ.

Ìgbẹ̀yìn ni àpá ìlò. Òpópónà Ìsàlẹ̀ Èkó há, nítorí náà ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ àti igun bọ́ńpà ni ọkọ̀ ti ń ha ara wọn. Oòrùn ló ń pa àwọ̀ òrùlé dà. Afẹ́fẹ́ oníyọ̀ òkun àti ọ̀sà ń dá ìpẹtà sí ìsàlẹ̀ ilẹ̀kùn àti etí ihò táyà. Kí oníṣẹ́ já fóòmù díẹ̀, kí ó kì í bọ ọ̀dà àwọ̀ ilẹ̀, kí ó nù ún títí yóò fi fẹ́rẹ̀ẹ́ gbẹ, kó tó fi tọ́ àwọn ibi wọ̀nyí. Kó má ṣe àṣejù: ọkọ̀ tó ń ṣiṣẹ́ ni, kì í ṣe àkúfọ́.

Ọ̀rọ̀ Ara Ọkọ̀

Kò sí ibi tí iṣẹ́ yìí ti kan ẹ̀ka èdè Yorùbá tó èyí. Dáńfó kì í rìn láìní ọ̀rọ̀ lára: òwe, àdúrà, ìkìlọ̀ tàbí orúkọ ibi tó ń ná. Lẹ́tà tó ga ní sẹ̀ǹtímítà 12 yóò di mìlímítà 5, èyí tí búrọ́ọ̀ṣì tẹ́ẹ́rẹ́ lè kọ.

Ìṣòro tó wà níbẹ̀ ni ti àkọtọ́. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń kọ ọ̀rọ̀ sára ọkọ̀ kì í fi àmì ohùn tàbí àmì abẹ́ lẹ́tà sí i. ‘IGBA O LO BI ORERE’ ni wọn yóò kọ. Àwọn mìíràn ṣì ń kọ ‘AIYE’ dípò ‘ayé’, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àkọtọ́ tí ìjọba fọwọ́ sí ní ọdún 1974 ti yanjú ọ̀rọ̀ náà. Ṣé kí olùkọ́ tún un kọ lára ọkọ̀ àwòṣe ni? Rárá. Bí ó bá tún un kọ, ó ti ba ẹ̀rí jẹ́, nítorí ọ̀nà tí àwọn ènìyàn gbà ń kọ èdè wọn ní ìta gbangba jẹ́ ara ìtàn èdè náà. Kí ó kọ ọ́ bó ṣe rí lára ọkọ̀, kí ó wá fi àkọtọ́ òde òní kọ ọ́ sára pátákó kékeré tí ọkọ̀ náà dúró lé. Akẹ́kọ̀ọ́ yóò tipa bẹ́ẹ̀ rí méjèèjì pa pọ̀, yóò sì lè sọ ìyàtọ̀ tó wà láàárín wọn.

Lílò Rẹ̀ Nínú Kíláàsì

Ọkọ̀ kan lè sin iṣẹ́ púpọ̀. Olùkọ́ lè fi kọ́ni ní orúkọ ẹ̀yà ọkọ̀, kí akẹ́kọ̀ọ́ sì ya ọ̀rọ̀ àyálò bíi bọ́ńpà àti táyà sọ́tọ̀ kúrò lára ọ̀rọ̀ Yorùbá bíi ilẹ̀kùn àti òrùlé. Ó lè fi kọ́ òǹkà Yorùbá nípasẹ̀ ìṣirò òṣùwọ̀n. Ó lè rán wọn lọ bá àgbàlagbà ilé wọn láti béèrè bí bọ́lẹ̀kájà ṣe rí, kí wọ́n sì fi páálí ṣe é gẹ́gẹ́ bí ohun tí wọ́n gbọ́. Kí olùkọ́ má gbàgbé ààbò: ìta ni kí wọ́n ti fọ́n ọ̀dà, kí wọ́n bo imú, kí abẹ sì wà ní ọwọ́ olùkọ́ nìkan bí akẹ́kọ̀ọ́ bá kéré.

Àgbálọgbábọ̀

Ohun tí iṣẹ́ yìí fi hàn ni pé ẹni tó bá fẹ́ to dáńfó kékeré ní láti mọ dáńfó ńlá dáadáa: ẹ̀gbẹ́ tí ilẹ̀kùn rẹ̀ wà, àwọ̀ nọ́ńbà rẹ̀, ibi tó ti ń dípẹtà àti bí wọ́n ṣe kọ ọ̀rọ̀ sí i lára. Tírámù lọ, bọ́lẹ̀kájà tẹ̀ lé e, ọ̀pọ̀ ọmọ òde òní ni kò sì mọ̀ wọ́n ju orúkọ lọ. Dáńfó ṣì wà ní Ìdúmọ̀tà àti Ọbáléńdé fún ẹni tó bá fẹ́ wọ̀n ọ́n, kó yà á, kó sì da ọ̀rọ̀ ara rẹ̀ kọ. Àkókò tó wà níbẹ̀ ló yẹ kí olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́ ṣe iṣẹ́ náà.